Fèrèsé kọ̀ǹpútà tí mo wá títí lálẹ́ àná
Nígbà tí mo dé ilé wa ní Ọ̀fà lálẹ́ àná, mo ṣí ohun èlò tí mo fi ń kọ kóòdù lórí kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Windows. Àmì rẹ̀ hàn nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ kò sí níbì kankan. Àyà mi já, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Mo pa á, mo tún un ṣí, pàbó ni.

Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ni mo rántí pé níbi iṣẹ́ mi ní Ìlọrin, mo máa ń so ojú kọ̀ǹpútà kejì mọ́ kọ̀ǹpútà mi lápá òsì, ibẹ̀ ni mo sì gbé fèrèsé náà sí; ojú kejì yẹn kò sì sí nílé. Nọ́ńbà ni Windows fi ń mọ ibi tí fèrèsé wà: igun òkè lápá òsì ojú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ni òdo, nítorí náà ohun tó bá kọjá rẹ̀ sí òsì yóò ní nọ́ńbà tó kéré sí òdo. X, ìyẹn nọ́ńbà ipò fèrèsé láti òsì sí ọ̀tún, tí mo bá nínú fáìlì ètò ohun èlò náà jẹ́ -1400.

Mo fi bọ́tìnnì Alt àti Tab yan fèrèsé náà, mo tẹ Alt pẹ̀lú Space kí àkójọ àṣẹ rẹ̀ lè jáde, mo tẹ M (ìyẹn Move, láti sún un), mo tẹ bọ́tìnnì ọfà kan, mo wá rọra fi máòsì fà á wọlé. Iṣẹ́ mi pé, lẹ́tà kan kò dín.