Àwọn Òkúta Tí A Lọ Kí

Àbámẹ́ta, òru ti ń jìn.

Orúnkún ń ro mí, ìró tí àbúrò mi wọ̀ lọ ṣì ń kán tótó lórí okùn lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n n kò ní í sùn kí n tó kọ èyí. Tí mo bá fi di ọ̀la, ọ̀la á ti bù nínú rẹ̀.

Àná ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. A ti kírun Jímọ̀ dé, a ti jẹun tán, ni àbúrò mi bá yọ fóònù, ó ní kí n wá wo ibi tí òun àti ọkọ òun rìn dé lọ́dún tó kọjá. Áílándì ló ń gbé, ọdún kẹjọ rèé. Wọ́n yá mọ́tò ní Dublin, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yí erékùṣù náà po. Ó fi ọ̀nà etí òkun ìwọ̀-oòrùn hàn mí, èyí tí wọ́n ń pè ní Wild Atlantic Way, tí gígùn rẹ̀ tó 2,500 kìlómítà. Ó fi àwọn bèbè òkúta Moher hàn mí: koríko tútù lókè, òkun ń hó nísàlẹ̀, níbi tó ga jù ó tó 214 mítà. Ó fi Newgrange hàn mí. Ibojì ni. Ó ti lé ní 5,000 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ, kí wọ́n tó kọ́ pírámídì ńlá ti Íjíbítì pàápàá. Ní oṣù Kejìlá, lákòókò tí ọ̀sán kúrú jù lọ, oòrùn àárọ̀ á gba ihò kékeré kan lókè ẹnu ọ̀nà wọlé, á rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí yóò fi dé yàrá inú. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Èyí tó pẹ́ lé lórí jù ni Giant's Causeway, tó wà ní apá àríwá erékùṣù náà. Òpó òkúta dúdú tó tó 40,000, wọ́n sún mọ́ra bí afárá oyin, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní igun mẹ́fà. Òkúta gbígbóná tó yọ́ láti inú ilẹ̀ ló tutù tó sì sán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ wí. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ ní òmìrán kan tó ń jẹ́ Fionn mac Cumhaill ló tò wọ́n, kó lè rìn kọjá lórí òkun lọ bá òmìrán ẹgbẹ́ rẹ̀ jà ní Scotland.

Bàbá ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní, a rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n gbé orí sókè. "Àwa náà ní òkúta. Ṣé ẹ ti dé Ẹ̀sìẹ́?"

Kò sí ẹni tó dáhùn nínú wa. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní Òkè-Àpómù, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, mo ti gba ọ̀nà Òmù-Àrán lọ síbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú láìmọye ìgbà. N kò yà sí Ẹ̀sìẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Bàbá ní ọdún 1962 ni, ọmọ ilé-ìwé ni àwọn nígbà náà, àwọn tíṣà kó àwọn sínú lọ́rì kan tí kò ní ìjókòó, àwọn dúró débẹ̀. "Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń fọn fèrè," wọ́n ní. "Tí ẹ bá lọ, ẹ bá mi kí i."

Bí ìrìn òní ṣe di ìrìn nìyẹn. Bàbá ì bá tẹ̀ lé wa, ẹsẹ̀ ni kò gbà.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ a kọ́kọ́ yà sí Ìdí-Àpẹ́, ní agboolé Aṣáájú, torí mo sọ fún àbúrò mi pé a kò lè lọ kí òkúta ẹlòmíì ká fo ti ilé. Òkúta tí ọdẹ tó ń jẹ́ Òjó fi ń lọ irin rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni ìlú ti gba orúkọ: ìlọ irin. Òkúta tó tẹ́ sílẹ̀ ni, kò ga, ẹni tí kò bá mọ̀ á kàn kọjá lára rẹ̀. A kí àwọn ará ilé, a béèrè kí a tó wọlé. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ibi tó jìn nínú òkúta náà. Irin mélòó ni wọ́n ti fà kọjá níbẹ̀ kó tó jìn tó bẹ́ẹ̀? Kò pẹ́ tí a fi kúrò. Ó ń kùn ún lẹ́nu bí a ṣe ń wọ mọ́tò: "Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn j'iyọ̀, ìlú tóbi tó báyìí wọn ò léégún, ẹṣin l'eégún ilé wọn." Ohùn ìyá wa ló fi ń kì í.

A ra wàrà ní Gánmọ, a jẹ ẹ́ títí a fi kọjá Ìdófìán. Àárọ̀ tútù, òjò ti rọ̀ lóru, gbogbo oko ló tutù yọ̀yọ̀. Láti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ, ilẹ̀ Ìgbómìnà la wà. Mo sọ fún un ohun tí àwọn àgbà fi ń túmọ̀ orúkọ náà: ogbó mọ̀nà, àdá tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún, tó ń la igbó níwájú rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kò sọ èyí fún mi rí." Òótọ́ ni. A kò tíì jókòó sínú mọ́tò kan náà fún wákàtí mẹ́ta láti ìgbà tó ti lọ.

Ẹ̀sìẹ́. Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa.

Mùsíọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ wà ní gbogbo Nàìjíríà nìyẹn, ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Èmi ti rò pé Èkó ni yóò jẹ́, tàbí Ifẹ̀. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, inú igbó ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń bọ wọ́n, wọ́n sì ní ọdún tiwọn. 1933 ni òyìnbó alábẹ̀wò ilé-ìwé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé nípa wọn tí ayé ìta fi gbọ́. Òkúta tó rọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, irú èyí tí ọbẹ lè fá, tó ń yọ̀ bí ọṣẹ lọ́wọ́. Èyí tó kéré jù lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, èyí tó ga jù lé ní mítà kan.

Nígbà tí a wọlé, ohun tó ṣe mí ni pé mo fẹ́ kí wọn. Ẹnu mi ti ya láti sọ pé ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, púpọ̀ lórí àpótí, bí èrò tó wá síbi àsè tí oúnjẹ kò tíì dé. Ọkùnrin wà, obìnrin wà. Ọ̀pọ̀ ni orí ti já lọ́rùn wọn, ti àwọn mìíràn imú ni kò sí mọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ìlú náà ni pé àlejò ni wọ́n, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá kí ọba, ọ̀rọ̀ di ìbínú, àwọn àlejò náà sì di òkúta. Àbúrò mi yíjú sí mi. "Lọ́hùn-ún, òmìrán ló to òkúta. Níbí, ènìyàn ló di òkúta."

Obìnrin kan wà tí a dúró tì pẹ́. Kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ. Ó fi àdá lé èjìká, ó di àdá náà mú bí ẹni tó mọ ohun tó ń di mú, kì í ṣe bí ẹni tí wọ́n gbé e fún. Wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọ́n to ti ọwọ́. Irun rẹ̀ ga sókè, ẹni tó gbẹ́ ẹ fi ṣóńṣó irin fa ìlà ìdì irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹ̀yìn orí níbi tí ẹni tó jókòó síwájú kò ní í rí. Ìlà wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe irú ti ìyá wa, ṣùgbọ́n àbúrò mi gbé ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí ti ìyá wa máa ń wà, kò sì sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Ta ló gbẹ́ wọn? Títí di òní, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Mo ń ronú kan àwọn ìyá amọ̀kòkò tí a lọ bá ní Dàdá, ní Ìlọrin níbí, lọ́jọ́rú. Ọ̀kan nínú wọn da amọ̀ bo ìdí ìkòkò àtijọ́ tó dojú dé, ó ń fi ọwọ́ gbá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ó fi gba àwòrán rẹ̀, ó wá fi amọ̀ lílọ́ kọ́ ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ún tán, tó ṣì gbóná, wọ́n á wọ́n omi èèpo èso irúgbá sí i, kí ara rẹ̀ lè dì. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń pò amọ̀. Ọwọ́ tó mọ ìkòkò yẹn, mo bọ̀ ọ́ kí n tó lọ. Ti Ẹ̀sìẹ́, àwọn tó gbẹ́ ẹ lọ, wọn kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tó lè sọ fún wa. Èyí ló ń dun mí títí di báyìí. Kò yẹ kí ọmọ Kwárà kan parí ìwé mẹ́fà láìjẹ́ pé wọ́n kó o dé Ẹ̀sìẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bí lọ́rì tí kò ní ìjókòó ni wọ́n tilẹ̀ fi kó o.

Ó ti kọjá ọ̀sán kí a tó kúrò. Iṣu sísun lójú ọ̀nà, epo, ata. Ẹ jẹ́ kí n fo ìyẹn.

Ọ̀nà tó lọ sí ìtàkìtì omi Ọ̀wù kò dára. A gba apá Ìsin, a ń bọ́ sínú kòtò, a ń jáde, nígbà tó yá a fi mọ́tò sílẹ̀ ní abúlé kan a gun ọ̀kadà. Ní Ọ̀wá Kájọlà a kí àwọn àgbà, wọ́n fún wa ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mú wa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kó tètè kúrò nílé, kó má sì lọ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ìparí òjò ni omi náà kún jù.

Etí ló kọ́kọ́ rí i. A ń gbọ́ ọ láti inú igbó, àbúrò mi rò pé òjò ló ń bọ̀, ó ń wo ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà atẹ́gùn tutù, nínú ooru aago mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni igi ṣí, tí a rí i: nǹkan bí 120 mítà ògiri òkúta dúdú, omi funfun ń bọ̀ láti òkè rẹ̀. Kì í já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń gúnlẹ̀ sórí òkúta, ó ń fọ́, ó ń para pọ̀, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀, ìrì rẹ̀ sì ń fẹ́ sí wa lójú bí ìyẹ̀fun. Ewédò bo gbogbo òkúta ìsàlẹ̀. A kò gbọ́ ohùn ara wa mọ́. Mo rí i tí ẹnu àbúrò mi ń mì, n kò mọ̀ bóyá àdúà ló ń ṣe tàbí ó ń pè mí. Ó wọ inú adágún omi náà pẹ̀lú ìró lára títí dé orúnkún, ó dúró síbẹ̀, ó gbójú sókè, ó pa ojú dé.

Èmi náà wọ̀ ọ́. Ó tutù dé egungun.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ ó ní lórí erékùṣù, òkun ló ń dá ọkọ̀ padà. Ibi yòówù kó o yà sí, wàá bá omi, wàá yí. Níbí, ọ̀nà kò ní òpin. A ì bá tẹ̀ síwájú, kí a dé Lókòjá. Ọ̀fà ṣì wà tí a kò dé, ìlú Ọlálọmí, tí wọ́n ń fi ìjàkadì ṣe orò. Ilẹ̀ tó ń ṣú ló dá wa padà.

Bàbá kò tíì sùn. Wọ́n gba ẹ kú àbọ̀ wa, wọn kò béèrè ọ̀nà, wọn kò béèrè omi. "Ẹni tó ń fọn fèrè ńkọ́?"

A wo ara wa. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, a ti dúró ti obìnrin aládàá, a ti gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán wa. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó ṣí fóònù fún wọn, àwòrán tí ó yà níbẹ̀ lé ní igba, ó fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè fi ìka yí i. Bàbá wọ awò, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. "Kì í ṣe èyí," wọ́n ní. Wọ́n yí i. "Kì í ṣe èyí. Ìwọ, mú iná yẹn súnmọ́ mi."

Àbúrò mi ti sùn lọ sórí ẹní ní ẹsẹ̀ wọn. Mo ti tilẹ̀kùn iwájú, mo ti pa iná pálọ̀. Láti ibi tí mo ti ń kọ èyí, mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ fóònù náà lójú Bàbá.