Ẹ wọn kànga aládùúgbò kí ẹ tó gbẹ́ ṣáláńgá

Àwọn tó ń gbẹ́ ihò ní Àkúrẹ́ máa ń fi ìjìnlẹ̀ yangàn. Wọ́n á ní "ó ti kan omi," inú onílé á sì dùn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ṣáláńgá tó bá ti kan omi ti bá kànga àdúgbò ṣe ọ̀kan, ìgbẹ́ yóò sì máa bá omi rìn lábẹ́lẹ̀ títí dé ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ó kéré tán, mítà 2 ilẹ̀ gbígbẹ gbọdọ̀ wà láàárín ìsàlẹ̀ ihò àti ojú omi, ojú omi ìgbà òjò ni a sì ń sọ. Oṣù Kejì tàbí Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbẹ́ tiwọn, nígbà tí omi kànga ti fà lọ sísàlẹ̀, ló bá tàn wọ́n jẹ.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ jù ú sínú kànga tó sún mọ́ yín jù lọ (ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ baba onílé). Ẹ wọn okùn láti ojú ilẹ̀ dé ibi tí omi ti rin ín. Ẹ má ka ògiri kànga mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ mítà 5, ihò yín kò gbọdọ̀ ju mítà 3 lọ. Bí ó bá jẹ́ mítà 3, mítà 1 péré ni ilẹ̀ fún yín, ìyókù yóò lọ sókè.

Àpáta náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí òkè Ìdànrè mọ ohun tí ilẹ̀ wa jókòó lé. Níbòmíràn, mítà kan ààbọ̀ ni dígà á ti máa ta padà. Ẹ má dáná sí àpáta kí ó lè sán. Iyẹ̀pẹ̀ máa ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára omi, ṣùgbọ́n inú àpáta tó sán, omi ẹlẹ́gbin á kàn ṣàn gba ojú sísán náà lọ jìnnà ni. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ ṣáláńgá náà sókè ju ilẹ̀ lọ ní mítà kan, ẹ rẹ́ ẹ nínú àti lóde, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ pupa yí i ká, kí ẹ ṣe àtẹ̀gùn sí i.

Ní ti ìjìnnà, mítà 30 sí kànga ni ìwọ̀n tí a mọ̀. Àmọ́ pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, gígùn rẹ̀ kò ju mítà 30 lọ, aládùúgbò sì lè ti gbẹ́ kànga tirẹ̀ mọ́ fẹ́ǹsì. Bí àyè kò bá sí, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn ju mítà 15 lọ, kí ṣáláńgá wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì máa se omi kànga náà kí ẹ tó mu ún.

Búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 ni kí ẹ fi mọ inú ihò. Mítà kan òkè, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ojú rẹ̀. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì. Ẹ má da kòǹkéré sí ìdí ihò. Bíríkìlà tó bá rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀ ti fún yín ní táǹkì, ìtọ̀ nìkan á sì kún un láàárín oṣù díẹ̀.

Ihò tó fẹ̀ ní mítà 1, tó jìn ní mítà 3, tí ẹ fi ìdajì mítà sílẹ̀ lókè, ó gba nǹkan bíi lítà 2,000. Ènìyàn kan máa ń fi lítà 40 sí 60 kún un lọ́dún. Ènìyàn mẹ́fà á lò ó fún bí ọdún mẹ́fà. Ní ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ọgbọ̀n ènìyàn ń gbé, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló máa gbà, kò sí àjẹ́ kan níbẹ̀. Àjọ WHO àti UNICEF kò tilẹ̀ ka ilé ìgbẹ́ tí ìdílé méjì jọ ń lò mọ́ èyí tó tó ọ̀pá ìwọ̀n. Àṣẹ 009 tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lù ní 2019 ti fẹ́ kí ìyàgbẹ́ sí gbangba dópin ní 2025. Onílé tó kọ́ yàrá mẹ́wàá lé ihò kan ń rán àwọn ayálégbé padà sínú igbó ni.

Ọmọrí ihò: mítà 1.3 níbùú àti lóròó, sẹ̀ǹtímítà 8 ní nínípọn. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, páànù iyanrìn 4, páànù òkúta wẹ́wẹ́ 8, ọ̀pá irin mìlímítà 10 méjì tí ẹ gé, tí ẹ sì tò ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn. Ẹ fi òkúta kéékèèké gbé irin náà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2. Ìsàlẹ̀ ni ẹrù ti ń fa kòǹkéré ya, nítorí náà irin tó wà lókè kò wúlò, èyí tó sì fara kan ilẹ̀ á dípẹtà. Ojú ihò kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, kí ọmọ má bàa já sí i. Gígùn rẹ̀ lè tó 40. Ọjọ́ méje ni kí ẹ fi máa bu omi rin ín kí ẹ tó gbé e.

Páìpù atẹ́gùn ni wọ́n sábà máa ń ṣe láìmọ ìdí rẹ̀. Ínṣì 6 ló dára, kí ó fi ìdajì mítà ga ju òrùlé lọ, kí àwọ̀n sì wà lórí rẹ̀. Eṣinṣin a máa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀: bí inú ilé ìgbẹ́ bá ṣókùnkùn, ẹnu páìpù ni wọ́n máa gbà gòkè, àwọ̀n á há wọn mọ́ ibẹ̀ títí wọn ó fi kú. Bí ẹ bá gbé fèrèsé ńlá síbẹ̀, ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọ̀n oníke kì í pẹ́ gbó nínú oòrùn. Ti alumíníọ̀mù ni kí ẹ rà.

Eérú ni kí ẹ máa dà sí i bí ó bá ń rùn, kì í ṣe karosíìnì tàbí Izal. Bí ẹ bá da méjèèjì yìí sí i, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ náà rà ni ẹ ń pa, ihò á sì yára kún. Pámpà àti ọ̀rá, ẹ wá ibòmíràn kó wọn sí.

Tó bá ku ìdajì mítà kó kún, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ dí i, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Bí ẹ bá fẹ́ kó èyí tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, ì báà so okùn mọ́dìí: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pa ènìyàn kí ó tó ráyè pariwo, ẹni tó bá sì sáré wọlé láti gbé e jáde ló máa ń ṣìkejì rẹ̀.