Àyẹ̀wò Ọdún: Okùn Tó Ń Rìn Lójú Gíláàsì

Ọdún ti ń lọ sópin, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù níbí: ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, itọ́. Ìyẹn ò yí padà. Ohun tó gba ọkàn mi lọ́dún yìí ni kinesin, pròtéènì tó ń ru ẹrù kiri nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ní 1985 ni Ronald Vale, Thomas Reese àti Michael Sheetz kéde rẹ̀. Inú iṣan ìmọ̀lára ẹran òkun kan, squid, ni wọ́n ti rí i. Ẹsẹ̀ méjì ló ní. Orí okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní microtubule ló ti ń rìn. Ìṣísẹ̀ kan jẹ́ nánómítà 8, ATP kan, epo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, ló sì ń ná lé e.

Ojú gíláàsì ló wá dùn mọ́ mi jù. Àwọn olùwádìí á kọ́kọ́ fi késíìnì, pròtéènì inú wàrà, ra gíláàsì náà, torí kinesin tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì lásán lè máà ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n á wá to kinesin síbẹ̀, ẹsẹ̀ sókè. Okùn ló kù tó ń rìn, bí ìgbà tí èrò dúró sójú kan, tí wọ́n ń fọwọ́ ti ọ̀pá gígùn lọ lókè orí wọn. Bí wọ́n bá so antibody, pròtéènì tó ń dá ohun kan pàtó mọ̀ tó sì ń dì í mú, mọ́ okùn yẹn, ó lè mú ohun tí à ń wá nínú àyẹ̀wò, kó sì gbé e lọ.

Fídíò kan wà tí mo wò títí: okùn pupa kan forí sọ ògiri kékeré tí wọ́n gbẹ́ sójú gíláàsì, orí rẹ̀ tẹ̀, ó sì bá ògiri náà lọ. Níbi tó jẹ́ kẹ́míkà nìkan ni wọ́n fi pààlà, òmíràn a ré kọjá, a já bọ́ sínú omi. Lójú tèmi, inú ògiri yẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Kí ló kàn mí ńbẹ̀? Kò nílò pọ́ǹpù tàbí iná láti gbé ẹrù rẹ̀. Ẹni tí iná ti lọ mọ́ lọ́wọ́ láàárín àyẹ̀wò, tí ìyá ọmọ sì ń wo ojú rẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n kinesin ò fẹ́ ooru. Ìwọ̀n -80 lórí Celsius ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ooru Ṣàgámù lóṣù Kejì ńkọ́? Láti 2006 ni ìwádìí ti jáde lórí bí wọ́n ṣe lè fi yìnyín gbẹ ẹ́ kó lè pẹ́ nílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbájú mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí fìrísà tó ń tutù dé -80 wà ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú, tí wọ́n á gbà ká jọ lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi.