Kọ́mà, àmì ìbéèrè àti “o”: bí a ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù

Ẹ wo méjì yìí: “Màmá Bọ́lá ti dé” àti “Màmá, Bọ́lá ti dé.” Nínú ti àkọ́kọ́, ìyá Bọ́lá ló wọlé. Nínú ìkejì, Bọ́lá fúnra rẹ̀ ló dé, ìyá la sì ń sọ fún. Orúkọ ọmọ la fi ń pe òbí nílẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí kọ́mà yẹn kò fi ṣeé fojú fò. Bàbá Ṣọlá, Ìyá Ìbejì, Àǹtí Tọ́pẹ́, Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, kò sí èyí tí kò lè dojú rú. Bí a bá ń fẹnu sọ ọ́, a ó dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn “Màmá”, wọ́n á sì mọ̀ pé àwọn là ń pè. Lórí fóònù, àfi kọ́mà. Tí ẹ bá ń kánjú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ fi àmì kankan sí ọ̀rọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà fi èyí sí i. “Ẹ káàárọ̀ sà” àti “ẹ ṣé mà” kò nílò rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń dánu dúró kó tó sọ “sà”. Àwọn tó ń tẹ “Ẹ káàárọ̀, sà” kò ṣẹ̀, àmọ́ ó máa ń dà bí lẹ́tà ìwáṣẹ́.

Àmì ìbéèrè kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ níbi tí “ṣé”, “ǹjẹ́”, “dà” tàbí “ńkọ́” bá wà. “Owó mi dà” ti béèrè tán. Ibi tí àmì náà ti ń ṣe gudugudu méje ni gbólóhùn tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká ní oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, tẹ “O ti sanwo” sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ló san án, ó lè jẹ́ oníbàárà, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀gá ń béèrè ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìtumọ̀ mẹ́rin nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta! Àmì ohùn lórí “Ó” á yanjú ìdajì, àmì ìbéèrè á yanjú ìyókù: “Ó ti sanwó?” Ẹni tí kò bá rí àmì ohùn tẹ̀ lè pe orúkọ onítọ̀hún: “Se onibara yen ti sanwo”. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò ṣì í gbọ́.

Èyí tó léwu jù lójú tèmi ni “ko”. Ẹni tó ń ra kòkó ní Oǹdó gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé “Alaji ni ko gbe koko naa wa”. Bó bá jẹ́ “kó”, àṣẹ ni: kí awakọ̀ máa gbé ẹrù bọ̀. Bó bá jẹ́ “kò”, ẹ̀sùn ni: Alájì gan-an ni kò gbé ẹrù wá. Kọ́mà tàbí àmì ìbéèrè ò lè gbani níbẹ̀. Bí ẹ ò bá fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ míì, ẹ fi sí “ko”. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ tẹ “ki o gbe” dípò “ko gbe”.

Àmì ìdánudúró (.) ní tirẹ̀, ojú tí àgbà fi ń wò ó kọ́ ni ọ̀dọ́ fi ń wò ó. Lọ́dún 2015, Celia Klin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Binghamton University, Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ 126 ṣe. Ìdáhùn ọlọ́rọ̀ kan tí àmì ìdánudúró wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí fóònù kò dénú lójú wọn tó èyí tí kò ní in. Nígbà tó jẹ́ pé orí ìwé ni wọ́n fọwọ́ kọ ọ́ sí, ìyàtọ̀ ò sí. Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o. Nínú Yorùbá, “o” kékeré tó ń parí gbólóhùn ló ń rọ ọ̀rọ̀ lójú. “Mo ti gbọ́.” lè mú kí ẹ̀gbọ́n máa ro ohun tí òun ṣẹ̀. “Mo ti gbọ́ o” kò ní wàhálà, yálà ẹ fi àmì sí i tàbí ẹ ò fi sí i. Àmọ́ “Mo ti gbọ́ o!!!” ti di ìjà padà. “Àmín!!!” nìkan ni mo yọ sílẹ̀, ti àdúrà, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù yín.

Àgbà tí kò tíì fèsì, ẹ má fi “?” nìkan ránṣẹ́ sí i. Láàárín ọ̀rẹ́, eré ni. Lójú àgbà, ẹ ti ń pè é lẹ́jọ́. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní kí n rán yín létí ọ̀rọ̀ àná” ló yẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí “...” tí àwọn náà fi ń pín gbólóhùn bà yín nínú jẹ́: wọ́n kàn ń mí ni, kò sí ọ̀rọ̀ abẹ́nú níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ SMS ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ṣọ́ọ̀ṣì yín fi ń kéde fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmì ń jẹ owó. Ojú ewé kan gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àkójọ GSM, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti àmì tí wọ́n ṣètò SMS fún láti ìpìlẹ̀. Ẹyọ kan tí kò bá sí níbẹ̀ á sọ gbogbo rẹ̀ di 70. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ojú ewé kan, 160 á di 153, 70 á di 67, torí ẹ̀rọ nílò àyè tí yóò fi so àwọn ojú ewé pọ̀. Ìkéde onílẹ́tà 150 tó jẹ́ ojú ewé kan, tí “Ẹ” kan bá ti wọ inú rẹ̀, ó di mẹ́ta, owó mẹ́ta lẹ ó sì san. Ẹ gbọ́ eléyìí: à, è, é, ì, ò àti ù wà nínú àkójọ yẹn, á, í, ó, ú, ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Nítorí náà “kò” kò náni ní nǹkan kan, “kó” ló ń bówó lọ. ₦ pàápàá kò sí níbẹ̀, N tàbí # ni kẹ́ ẹ lò. Bí ẹ bá kọ́pì ọ̀rọ̀ láti inú Word, ẹ wò ó dáadáa: àmì àyọlò tó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, dáàṣì gígùn àti àmì ìdánudúró mẹ́ta tí Word pa pọ̀ di ẹyọ kan, òde àkójọ ni gbogbo wọn wà. Ẹ pa wọ́n rẹ́, kẹ́ ẹ tún wọn tẹ̀ lórí fóònù.

WhatsApp ò ka lẹ́tà báyẹn, ẹ lo gbogbo àmì yín níbẹ̀. Ìràwọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀rọ̀ á mú kó dúdú sí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà. *₦5,000* á ṣiṣẹ́. * ₦5,000 * kò ní ṣiṣẹ́, ìràwọ̀ á kàn dúró síbẹ̀ ni. Nọ́ńbà àkáùǹtì, mẹ́wàá péré, ẹ fi sórí ìlà tirẹ̀ láìsí kọ́mà, láìsí àlàfo, láìsí àmì ìdánudúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ sanwó lè kọ́pì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ báńkì àti ti ẹni tó ni ín wá tẹ̀ lé e ní ìsàlẹ̀.