Tí ẹ bá lè tẹ̀ka, ẹ lè pe ìjọba lẹ́jọ́

Kànga lè wà nínú ìwé ìjọba kó má sí ní abúlé. Owó rẹ̀ ti jáde, àwọn obìnrin ṣì ń pọnmi lódò, a sì ń wí pé, "Ìjọba mà ni, kí la fẹ́ ṣe sí i?" Ọ̀rọ̀ yẹn, ìbáà jẹ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, òun ló ń fi ọkàn olè balẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Benin wa ti oṣù Kejìlá 1990 kò gbà bẹ́ẹ̀. Abala 37 ní ohun ìní ìlú jẹ́ ohun ọ̀wọ̀, ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Wọn ò ní "tó bá wù ú". Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Ní 2018, ìjọba bu owó lé Facebook àti WhatsApp, fàráǹkì 5 lórí mégábáìtì kan. Aráàlú fariwo ta, kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti fagi lé e. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà, ariwo nìkan kì í ran ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ìwé.

Abala 3 àti 122 fún gbogbo wa láyè láti kọ̀wé tààrà sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu. Lọ́yà kì í ṣe dandan. Ohun tí wọ́n ń wò ni orúkọ yín ní kíkún, àdírẹ́sì tó ṣe pàtó, àti ìfọwọ́sí. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka. Ìyá tó ń ta àkàsà lọ́jà Ouando lè ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, kó sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìwé tí ọmọ rẹ̀ bá a kọ. Agbára rẹ̀ kò kéré sí ti ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ibi tí ìwé ti ń bàjẹ́ nìyí. Ẹ kọ "Àjàṣẹ́" nìkan, ẹ ò kọ àdúgbò àti ilé: wọn ò ní gbà á. Ìwé tí kò lórúkọ, bákan náà. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ ní mérì kò tẹ̀lé ìlànà iṣẹ́ àgbàṣe. Wọ́n á ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn, nítorí òfin ìpìlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ tọ́ka sí abala tí wọ́n tẹ̀ lójú. Bí wọ́n bá ṣèdíwọ́ fún ìwọ́de, abala 25 ni. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ìfòfindè náà mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n ti sọ ọ́. Abala 124 ní ìdájọ́ wọn kò ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì de ìjọba.

Àwọn oníròyìn ló ń bá wa rí kànga tí kò sí. Abala 24 dáàbò bò wọ́n, òfin 2015 sì mú ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ìwé ìròyìn. Àmọ́ òfin íntánẹ́ẹ̀tì ti 2018 dá a padà lẹ́yìnkùlé. Oníròyìn Ignace Sossou gba ẹ̀wọ̀n oṣù 18 ní oṣù Kejìlá 2019 torí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba tó gbé sórí Twitter. Oṣù Kẹfà 2020 ló tó jáde. CRIET, ilé ẹjọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń kówó ìlú jẹ àti àwọn apániláyà, àwọn oníròyìn pẹ̀lú ti ń fojú balé ẹjọ́ níbẹ̀. Kò dáa rárá.

Nítorí náà, ẹ má kọ "olè" sórí Facebook. Ẹ kọ iye owó, ọjọ́ tó jáde, kí ẹ ya fọ́tò ilẹ̀ gbígbẹ náà. Ẹ tọ́jú ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ síbi méjì.

Bí wọ́n bá sì mú ẹnì kan níbi ìwọ́de, abala 18 ní kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́. Bí òfin bá tilẹ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Aago tí wọ́n mú un ni kí ará ilé kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á.