Pósítà ìbò lára ògiri Pompeii

Ọkọ̀ ojú irin Circumvesuviana kún bíi mólúè. Orí ìdúró ni èmi àti àbúrò mi wà láti Naples títí a fi sọ̀ kalẹ̀ ní Pompeii, ìlú àtijọ́ àwọn ará Róòmù ní Ítálì, òógùn sì ti rin aṣọ mi gbingbin. Òkè Vesuvius, tó tú iná àti eérú bo ìlú náà lọ́dún 79, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, dúró lọ́ọ̀ọ́kán jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn òkú tí eérú náà bò mọ́lẹ̀ ni èrò ń wọ́ lọ. Ògiri ni èmi ń wò ní tèmi.

Ní òpópónà Via dell'Abbondanza, wọ́n fi gíláàsì bo ibì kan lára ògiri. Lẹ́tà pupa gàdàgbà ló wà lábẹ́ rẹ̀, lórí ẹfun. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe pósítà ìbò rèé?"

Pósítà ìbò ni. Irú rẹ̀ tí wọ́n rí ní ìlú yìí nìkan lé ní 2,000. Ọdọọdún ni wọ́n ń yan olórí méjì, pẹ̀lú àwọn méjì tí wọ́n ń pè ní aedilis, tí títì àti ọjà wà níkàáwọ́ wọn. Lẹ́tà mẹ́ta kan kì í sábà wọ́n níbẹ̀, OVF, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí: mo bẹ̀ yín, ẹ yàn án. Òru ni wọ́n ń kọ ọ́. Akọ̀wé kan, Aemilius Celer, tilẹ̀ fi kún tirẹ̀ pé òun nìkan lòún kọ ọ́, lábẹ́ òṣùpá.

Àwọn eléso ní ẹni tí wọ́n ń polongo fún, àwọn oníbúrẹ́dì náà ní tiwọn. Obìnrin kò lè dìbò, síbẹ̀ orúkọ Asellina àti àwọn ọmọge ilé ọtí rẹ̀ wà lára ògiri. Ti Vatia, tó ń du ipò aedilis, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: gbogbo àwọn amutí-dòru ló ń bẹ̀bẹ̀ ìbò fún un! Mo fura pé alátakò rẹ̀ ló sanwó ọ̀dà.

Mo pẹ́ jù ní tẹ́ńpìlì Isis, òrìṣà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Íjíbítì. Ilẹ̀ mì lọ́dún 62, ó sì wó o. Àkọlé ẹnu ọ̀nà sọ pé Numerius Popidius Celsinus fi owó ara rẹ̀ tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀, ni ìgbìmọ̀ ìlú bá gbà á sáàárín wọn láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ampliatus bàbá rẹ̀ ló lówó, ṣùgbọ́n ẹrú tó gba òmìnira ni, òfin kò sì jẹ́ kí irú wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀, bó ti wù kí àpò wọn wúwo tó. Ọmọ wọn nìkan lọ̀nà là fún. Bàbá ò rí ọ̀nà wọlé, ó ti ọmọ wọlé.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà! Kí ni yóò máa sọ nípàdé?"

Mo ní yóò máa sùn ni, bíi ti àwọn àgbà.