Ẹ̀yin àbúrò, ẹ gbé sílíkónì yẹn sílẹ̀

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀ ní Texas, ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ àtúnṣe tírélà ìrìnàjò, ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, sì ti tún gbé ọ̀pá sílíkónì, gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ihò, lọ́wọ́. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gun òrùlé tàbí bí wọ́n ṣe ń tú síkúrù. Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, ẹ mọ irú omi tó ń da ilé láàmú kí ẹ tó máa wá ihò kiri. Bó bá jẹ́ ọjọ́ òjò nìkan ni ilẹ̀ ń tutù, òde ni omi ti ń wọlé. Bó bá ń tutù nígbà tí oòrùn ń ràn, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí ẹ tan páǹpù, kí ẹ sì tẹ́tí. Páǹpù tó ń dún, tó ń dákẹ́, tó tún ń dún láìsí ẹni tó ṣí omi, páìpù kan ló ń jò, tàbí kí fáàfù inú páǹpù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn ti bàjẹ́. Omi ẹ̀rọ ní ibùdó tí wọ́n ń gbé tírélà sí lè le ju ohun tí páìpù wọ̀nyí lè gbà lọ, ẹ má so họ́ọ̀sì mọ́ ọn láìfi ohun tó ń dín agbára omi kù sí i, kó wà láàárín 40 sí 50 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára omi). Ti ìgbà òtútù tún yàtọ̀: ẹni tó ń fi sítóòfù gáàsì yá iná nínú ilé tó sé pa, omi ló ń sè. Pọ́ùn gáàsì propane kan tó bá jó á mú omi tó ju pọ́ùn kan ààbọ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́, ara fèrèsé ló sì máa lẹ̀ mọ́. Ìyẹn kì í ṣe jíjò, ẹ má gba owó jíjò lórí ẹ̀.

Èkejì, ibi tí omi ti yọ kọ́ ni ibi tó ti wọlé.

Ẹ̀kẹta... Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èkejì yìí ná, torí ibẹ̀ ni owó oníbàárà ń ṣègbé sí.

Oníbàárà á gbé tírélà dé. Àbàwọ́n rúsúrúsú wà lábẹ́ fèrèsé iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọmọṣẹ́ á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á ní fèrèsé ni. Á fa sílíkónì yí férémù ká, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Ó funfun, ó ń dán, wọ́n gba owó. Òjò mélòó kan lẹ́yìn náà, tírélà padà dé, àbàwọ́n ti fẹ̀ sí i. Ọmọṣẹ́ kan náà á tún fa sílíkónì lé sílíkónì!

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nísàlẹ̀ férémù fèrèsé, àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe fèrèsé ló mọ̀ọ́mọ̀ lu wọ́n, kí òjò tó bá wọ ojú irin tí gíláàsì ń gbà lè ṣàn jáde. Sílíkónì dí wọn. Omi kún ojú irin náà, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀ sínú ògiri. Ilé tó ń jò lójú kan ti wá ń jò lójú méjì, owó ni wọ́n sì san fún èkejì.

Jíjò àkọ́kọ́ ńkọ́? Òkè ló wà, níbi tí òrùlé ti pàdé ògiri iwájú. Òrùlé rọ́bà ni ọ̀pọ̀ wọn, oríṣi tí wọ́n ń pè ní EPDM tàbí TPO, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi bo ìpàdé náà. Oòrùn á gbẹ gọ́ọ̀mù, ilé á máa mì lójú ọ̀nà (láti Elkhart ní Indiana, níbi tí wọ́n ti ń kan púpọ̀ nínú wọn, dé Texas nìkan, ẹ ro iye ìmì náà), gọ́ọ̀mù á là. Ojú ìlà náà lè tín-ín-rín bí irun. Omi á gbabẹ̀ wọlé, á tẹ̀lé igi sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi kan igi orí fèrèsé, ibẹ̀ ló ti máa yọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ògiri, àmọ́ òkè ni ẹnu ti èyí wà, ìsàlẹ̀ sì ni gbogbo yín ń wò.

Láàárín àkókò yẹn, gọ́ọ̀mù tó so fáíbà ara òde mọ́ plywood inú ògiri ti jọ̀wọ́, ògiri ti wú sóde, ilẹ̀ abẹ́ ibùsùn ti rọ̀. Àtúnṣe irú ẹ̀ lè ju iye tí tírélà náà tó lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wá a. Ìsàlẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, kì í ṣe òkè. Họ́ọ̀sì lásán ni, ẹ má gbé ẹ̀rọ ìfọkọ̀ wá. Kí ẹnì kan wà nínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí apá kan kí ẹ tó gòkè sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara ilé ló máa tutù, kò sì ní mọ èyí tó jò. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ilé tí ẹ ti sé, kí ẹ da omi ọṣẹ sí ara òde. Ibi tó bá ti ń hó, ihò wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ há gbogbo sílíkónì kúrò tán pátápátá. Kò sí gọ́ọ̀mù tuntun tó máa lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, sílíkónì ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an kì í sábà lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ike ni kí ẹ fi há a lórí rọ́bà, ẹ má lo ọ̀bẹ. Ẹ fi ọtí isopropyl (ti ìnu nǹkan, kì í ṣe ti mímu) nù ún. Ẹ má jẹ́ kí bẹntiróòlù kan EPDM, yóò wú. Síkúrù tó bá ń yí lásán, igi abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, ẹ pààrọ̀ igi. Ẹ tẹ́ téèpù butyl, téèpù rírọ̀ tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, sábẹ́ irin tó bo ìpàdé òrùlé àti ògiri, ẹ de síkúrù, kí ẹ tó wá fi gọ́ọ̀mù tó ń tẹ́ fúnra rẹ̀ bo orí wọn. Orí ibi tó tẹ́jú nìkan ni gọ́ọ̀mù yẹn wà fún. Bí ẹ bá fi sí ara ògiri, á ṣàn lọ, ẹ lo èyí tí kì í ṣàn.

Fèrèsé náà gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ tú òrùka inú, férémù tó fún fèrèsé mọ́ ògiri, kí ẹnì kan di gíláàsì mú lóde. Ẹ tẹ́ butyl tuntun tó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì, kí orí rẹ̀ méjèèjì bo ara wọn. Ẹ de síkúrù ní ìdojúkọra, ẹ má fún un tán. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí butyl bá ti fún jáde, ẹ tún un dè. Ẹ yẹ ihò ìsàlẹ̀ wò, kí ó ṣí.

Ẹ̀kẹta tí mo dá dúró nìyí: ẹ má pa ògiri dé lórí igi tútù. Kí mítà fi hàn pé omi inú igi ti wá sísàlẹ̀ 15% kí ẹ tó dí i. Oníbàárà tí kò bá fẹ́ san owó ṣíṣí ògiri, tó ní kí ẹ ṣáà dí ìta, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé iṣẹ́, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò iye tí mítà kọ kí ó tó wa ọkọ̀ lọ.